Mo-ti-mọ̀ àti Alájẹkì Rẹ̀

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Alájẹkì gbé irùngbọ̀n Mo-ti-mọ̀ mì. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló sì máa ń sọ ọ́ jù.

Káfíńtà ni Mo-ti-mọ̀. Yàrá ẹ̀yìn nínú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Alájẹkì ni ẹ̀rọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, èyí tó ń fa èérún àti lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ra bí ayùn bá ti ń gé e. Àárọ̀ Sátidé kan ló kàn án tán. Láti àárọ̀ ló ti ń bọ́ ọ. Ó da èérún àpò kan fún un, ó jẹ ẹ́. Ó da àpò kejì, ó jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, ó fẹ́ mọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ojú sí ẹnu páìpù bí ẹni tó ń wo inú kànga.

Páìpù fa irùngbọ̀n rẹ̀, ṣùú. Ó dì í mú.

Súìṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀, kí àlejò lè máa rí i bó bá ń tan ẹ̀rọ. Ó na ọwọ́, ọwọ́ kò tó o. Ó na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò tó o. Ló bá figbe ta: “Ẹ pa á! Ẹ gbà mí, ẹ pa á!”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá a. Bí èèyàn bá ní kí wọ́n pa iná, pípa ni. Bó bá ní kí wọ́n pa ejò, pípa náà ni. Èyí tí àdúgbò gbọ́ kì í ṣe ti iná.

Télọ̀ tó wà ní ojúlé kejì ló kọ́kọ́ dé, tòun ti igi tó fi ń wọn aṣọ. Alápatà tẹ̀lé e pẹ̀lú kùmọ̀. Àwọn mẹ́fà méje mìíràn wà lẹ́yìn wọn, oníkálukú mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà. Ẹnì kan mú bàtà ẹsẹ̀ kan.

“Níbo ló wọ̀?” Alápatà bèèrè.

Mo-ti-mọ̀ kò lè yíjú. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó tọ́ka sí Alájẹkì. “Òun nìyẹn! Ẹ pa á!”

Àpò aṣọ ńlá kan wà lórí ẹ̀rọ náà. Atẹ́gùn kún inú rẹ̀, ó ń wú, ó ń rọ̀, bí ikùn ohun tó gbé odidi ewúrẹ́ mì.

“Ha! Ó tóbi o!” ni Télọ̀ wí. Ó bọ́ sẹ́yìn Alápatà.

Alápatà gbé kùmọ̀ sókè, ó là á mọ́ ọn. Àpò bẹ́. Gbogbo ohun tí Alájẹkì ti jẹ láti àárọ̀, ó bì í lẹ́ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò rí ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ń ké pé ó ti bu òun jẹ. Télọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ìyàwó Mo-ti-mọ̀ jáde láti ilé ìdáná. Ó ti kọ́kọ́ pa sítóòfù rẹ̀, nítorí lẹ́búlẹ́bú pákó tó bá ń fò báyẹn, bó bá pàdé iná, kò yàtọ̀ sí bẹntiróò. Ó fi ìborí bo imú. Kò sáré. Ó rìn gba àárín wọn kọjá, ó na ìka kan, ó tẹ súìṣì. Ibi gbogbo dákẹ́.

“Mo ti pa á,” ó ní. “Àbí kí n tún lu òkú rẹ̀ díẹ̀?”

Mo-ti-mọ̀ nàró. Ẹ̀gbẹ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ti dín kù. Ó wo àpò tó ya, ó wo àwọn aládùúgbò tí wọ́n funfun látorí dé ẹsẹ̀.

“Mo ti mọ̀ pé àpò yẹn máa bẹ́,” ó ní.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Kò sí ohun tí o máa sọ fún un tí kì í ní òun ti mọ̀. Sọ fún un pé òjò ń bọ̀, ó ti mọ̀. Sọ fún un pé síìpù ṣòkòtò rẹ̀ ṣí sílẹ̀: “Mo ti mọ̀. Atẹ́gùn ni mo ń gbà.”

Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé òun lóyún ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó ní, “Mo ti mọ̀.” Ó jáde síta bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, ó já sí gọ́tà.

Ìyàwó rẹ̀ kì í bá a jiyàn. Ó ti gbé pẹ̀lú rẹ̀ fún ogójì ọdún, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìgbéraga nìkan. Wọn kò jẹ́ kí Mo-ti-mọ̀ pẹ́ nílé ìwé. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé kò mọ nǹkan. Ó wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó lè fi tìlẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ Alájẹkì kò ṣẹ̀yìn ikọ́. Ṣọ́ọ̀bù wà nínú ilé, ilé ìdáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, yàrá tí wọ́n ń sùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Lẹ́búlẹ́bú kò mọ ibi tí ògiri wà. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wà nínú ife, ó wà lórí òróró. Ìyàwó á nu tábìlì láàárọ̀, á tún fìka kọ orúkọ sí i lọ́sàn-án. Kò kà á sí. Àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí ikọ́ náà kò lọ.

Ọmọ wọn obìnrin, nọ́ọ̀sì ni. Ó wá láti ìlú tó ń gbé, ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé ìyá rẹ̀ láyà, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó yọ ọ́ létí, ó kọjú sí bàbá rẹ̀.

“Bàbá, lẹ́búlẹ́bú pákó ló wà níbẹ̀.”

“Mo ti mọ̀.”

“Bẹ́ẹ bá ti mọ̀, kí lẹ wá ṣe sí i?”

Mo-ti-mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ́ńsù tó wà létí rẹ̀.

“Oṣù mẹ́ta,” ni ọmọ wí. “Bí lẹ́búlẹ́bú yìí ò bá jáde nílé, Ìyá ló máa jáde. Màá wá mú wọn lọ sọ́dọ̀ mi. Mi ò bá yín ṣeré o, Bàbá.”

“Ta ló máa wá tọ́jú bàbá rẹ?” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà.”

“Mo mọ ibi tí iyọ̀ wà,” ni Mo-ti-mọ̀ wí.

“Níbo?”

“Ibi tó máa ń wà.”

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ náà pẹ́. Ọkọ rẹ̀ dúró, ó ń wo ilẹ̀. Obìnrin náà kò fẹ́ lọ. Ilé ọmọ dára, ṣùgbọ́n ilé ọmọ ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá lọ, ọkùnrin yìí kò ní pa ṣọ́ọ̀bù tì, nítorí ọkọ òun ni ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù ni ọkọ òun. Kò kàn ní jẹun ni. Á sì sọ fún gbogbo ayé pé òun ti jẹun.

Ní ọjọ́ kejì ni Mo-ti-mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan Alájẹkì. Ó yọ ẹ́ńjìnnì oníná mànàmáná lára ẹ̀rọ ìlọta tó ti bàjẹ́. Ó wá fáànù irin, ó wá dúrọ́ọ̀mù, ó wá páìpù ńlá. Télọ̀ rán àpò fún un. Ó kàn án, ó tú u, ó tún un kàn. Nígbà tí Alápatà sì fọ́ àpò rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, Télọ̀ tún rán òmíràn láti ara kọ́tìnnì.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n, Mo-ti-mọ̀ gbé súìṣì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé e wá sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè bà á. Kò gbà pé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kò dára. Ó ní ògiri yẹn ló ti ń rẹ òun. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ òfin sára ilẹ̀kùn: MÁ GBÉ IRÙNGBỌ̀N SÚNMỌ́ ẸNU PÁÌPÙ.

Ìyàwó rẹ̀ kà á. “Ta lẹ kọ èyí fún? Ta ló tún ní irùngbọ̀n nílé yìí?”

“Àwọn àlejò.”

Àlejò kan sì wá lóòótọ́. Olùkọ́bìnrin kan ni, ó wá wo tábìlì tó ní kí wọ́n kàn fún òun. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ tábìlì dúró dáadáa. Ó tẹ̀ba. Alájẹkì wà ní títàn lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùú! Nígbà tí olùkọ́ nàró, orí rẹ̀ fúyẹ́. Ó fọwọ́ kàn án. Wíìgì ti wọ páìpù.

Mo-ti-mọ̀ yára pa ẹ̀rọ. “Ẹ má bínú, Màdáàmù,” ó ní. “Ó rò pé èérún ni.”

Wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀mù, wọ́n wá wíìgì jáde. Dúdú ló wọlé, pupa ló jáde, nítorí igi pupa ni wọ́n ń là lọ́jọ́ náà, kò sì gbọn kúrò mọ́. Olùkọ́ dé e bẹ́ẹ̀ lọ, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kẹta ó rán èèyàn wá bèèrè orúkọ igi náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé ló fẹ́ mọ ibi tó ti pa irun rẹ̀ láró.

Òfin kejì jáde: OHUN GBOGBO TÓ BÁ Ń FÌ, FI Í SÍLẸ̀ LẸ́NU Ọ̀NÀ. Ìborí, apá aṣọ tó gùn, ẹ̀gbà ọrùn, gbogbo rẹ̀.

Alápatà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. “Ẹ̀gbọ́n, apá mi ńkọ́? Òun náà ń fì.”

“Fi òun náà sílẹ̀,” ni Mo-ti-mọ̀ wí.

Èyí tó fẹ́ burú jù ni ti ìṣó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú ẹnu páìpù, ó ń fi gbá ilẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Ìṣó wà nínú ohun tó gbá. Ìṣó wọ fáànù, ó dún kaun, kaun, kaun, iná ta nínú rẹ̀.

“Kí nìyẹn?” ni ìyàwó rẹ̀ ké láti ilé ìdáná.

“Eyín ló fi jẹ nǹkan!”

Ó pa á, ó wá jókòó jẹun. Kò tíì jẹ òkèlè mẹ́ta tí ìyàwó fi gbé imú sókè.

“Bàbá, nǹkan ń jó.”

“Mo ti mọ̀. Télọ̀ ni. Ó tún ti gbàgbé áyọ́ọ̀nù lórí ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni.”

Ohùn Télọ̀ ló dáhùn láti orí ògiri: “Ẹ̀gbọ́n! Èéfín ń jáde lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù yín o!”

Kí Mo-ti-mọ̀ tó ti àga sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ká aṣọ kan kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì wà lábẹ́ aṣọ náà, omi kún ọ̀kan, iyanrìn kún èkejì. Ó rọra ṣí dúrọ́ọ̀mù. Lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ ń pọ́n lábẹ́, kò ní ọwọ́ iná, ó kàn ń jó lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó di kùnrùngbùn. Mo-ti-mọ̀ gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mú, ó fẹ́ dà á gììrì.

“Ẹ dúró!” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Bẹ́ẹ bá dà á báyẹn, á fò. Bó bá fò, á gbiná mọ́ wa lójú.” Ó mú abọ́, ó ń bu omi wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kú. Ó wá da iyanrìn lé e.

Wọ́n dúró síbẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo dúrọ́ọ̀mù.

“Ta ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí síbí?”

“Èmi ni.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ní ẹ mọ̀ ọ́n ṣe.”

Láti ìgbà yẹn, kò fi páìpù gbá ìṣó mọ́. Ó so òòfà ńlá kan mọ́ ẹnu rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, á da inú dúrọ́ọ̀mù sínú garawa irin tó ní ìdérí, á gbé e jìnnà sí ilé. Kò fi aṣọ bo àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. Bí àlejò bá bèèrè, á ní òun ló gbé wọn síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á gbọ́, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wá mọ́. Ó mọ́ débi pé Mo-ti-mọ̀ ń dúró lójú ọ̀nà, ó ń pe èèyàn wọlé wá wò ó. “Ẹ wo ilẹ̀! Èèyàn lè jẹun lórí rẹ̀.” Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ń fa ìlà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ìlà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kò gbọ́ ikọ́. Ìlà náà di mẹ́wàá. Ó di ogún. Bí Télọ̀ bá kọjá, á ní, “Wá kà á. Èmi ni mo wò ó sàn. Mi ò lo oògùn kankan.”

Ikọ́ kò lọ.

Ìyàwó rẹ̀ kò purọ́ fún un. Ó kàn yan àkókò ni. Alájẹkì ní ariwo, ayùn ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà á lọ sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, á di etí tábìlì mú, á wú gbogbo ikọ́ tó ti há mọ́yà láti àárọ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Lóru, ìhanrun ọkọ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ayùn. Ó bò ó dáadáa.

Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé ó léwu. Ó ń wo àwọn ìlà náà ni. Láti ìgbà tó ti mọ ọkùnrin yìí, kò rí i kó yọ̀ báyẹn. Nítorí òun ni ọkọ rẹ̀ sì ṣe kan ẹ̀rọ ọ̀hún. Lójoojúmọ́ ló máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé, bó bá di ọ̀la, òun á sọ fún un. Lójoojúmọ́ ni ìlà ń lé kan.

Ìlà di mọ́kànlélógójì. Oṣù mẹ́ta ọmọ wọn ku ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mo-ti-mọ̀ ń la pákó gígùn kan. Ó dé àárín. Iná lọ. Ayùn rọlẹ̀, Alájẹkì rọlẹ̀, àpò rẹ̀ sọ̀, gbogbo ilé dákẹ́ lójijì.

Ó sì gbọ́ ọ. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ó ń tẹ̀lé ara wọn láìsinmi, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún un.

Kò ju pákó sílẹ̀. Ó rọra gbé e jókòó, ó rìn lọ sí ilé ìdáná. Ìyàwó rẹ̀ rí i, ó nàró, ó fọwọ́ nu ẹnu.

“Iná ti lọ ni?” ó ní.

“Láti ìgbà wo?”

“Ìgbà wo ni kí ni?”

“Ikọ́ yìí. Láti ìgbà wo ló ti padà?”

“Kò lọ rí.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ẹ ò bi mí,” ó ní. “Ẹ ní ẹ ti mọ̀ pé ó ti lọ.”

Mo-ti-mọ̀ la ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ dúró de ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn bí èèyàn ṣe ń dúró de òjò tó ti ṣú. Kò rọ̀.

“Mi ò mọ̀,” ó ní.

Ogójì ọdún, ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà á. Ó yára gbé àga fún un.

Mo-ti-mọ̀ jókòó díẹ̀. Nígbà tó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu àwọn ìlà náà, láti orí ìkínní títí dé ìkọkànlélógójì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpò Alájẹkì lọ bá Télọ̀. Ó dúró sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé.

“Gbá a,” ó ní.

“Kí n gbá kí ni, Ẹ̀gbọ́n?”

“Àpò. Rọra gbá a.”

Télọ̀ fọwọ́ gbá a. Nǹkan kan gba ara aṣọ náà jáde, ó fẹ́lẹ́ ju èéfín lọ. Nínú oòrùn nìkan lèèyàn fi lè rí i. Ó so rọ̀ sójú atẹ́gùn, kò fẹ́ balẹ̀.

“Aṣọ mi ni kò dára,” ni Télọ̀ wí. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

“Aṣọ rẹ dára. Èyí tó hàn lójú ni mo ń kó. Èyí tí kò hàn ni ìyàwó mi ń mí.”

Ọjọ́ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ṣọ́ọ̀bù jáde. Ó kan páànù sórí igi mẹ́rin ní ìparí àgbàlá, ibi tó jìnnà jù sí ilé, tí atẹ́gùn ń gbà kọjá lọ sí pápá. Ó ń fi bárò kó irin iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pe ẹnikẹ́ni. Télọ̀ àti Alápatà kàn wá ni.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Alápatà wí, ó ń làágùn lábẹ́ dúrọ́ọ̀mù, “kí ló dé tí ẹ ń kó jáde nínú ilé tó tutù?”

“Alájẹkì ló ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn.”

“Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Mo ti mọ̀ kó tó sọ.”

Nígbà tí ọmọ wọn dé láti wá mú ìyá rẹ̀, ó bá yàrá ẹ̀yìn lófìfo, wọ́n ti fi omi fọ ògiri rẹ̀. Ó wo yàrá, ó wo àgọ́ ìparí àgbàlá, ó gbé ohun ìgbọ́yà lé ìyá rẹ̀ láyà. Ó gbọ́ ọ pẹ́.

“Kò tíì lọ,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ máa lọ. Màá fún yín ní oṣù mẹ́ta sí i.” Ó kọjú sí bàbá rẹ̀. “Ta ló gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kó o jáde?”

Mo-ti-mọ̀ wo ìyàwó rẹ̀.

“Ìyá rẹ ni,” ó ní.

Ìyá rẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kankan. Ó mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ó gbà á.

Ọmọ náà kó ìbòmú fún bàbá rẹ̀, irú èyí tó dì mọ́ imú àti ẹnu pinpin, ó ní kò gbọdọ̀ kan ayùn láìlò ó. Ó lò ó. Àdúgbò sinmi fún ìgbà díẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń gbọ́ bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀ kò ju “Mm mm mm.”

Ó tún ṣe òfin kan fún ara rẹ̀, kò kọ ọ́ sára ohunkóhun: aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ilé. Nínú àgọ́ ni yóò ti bọ́ ọ, yóò gbọn ara, yóò bọ́jú, kó tó wọlé. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé aṣọ tó yẹ kó pààrọ̀ sínú ilé. Ó ń sá gba àárín àgbàlá kọjá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé nìkan, ló bá pàdé olùkọ́bìnrin wíìgì tó wá wo àga tó ní kí wọ́n kàn fún òun. Kò sí ibi tó lè sá sí. Ó tẹríba.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màdáàmù,” ó ní. “Ohun gbogbo tó ń fì ni mo ti fi sílẹ̀.”

Ikọ́ náà lo oṣù mẹ́fà kó tó lọ. Kò lọ lọ́jọ́ kan. Ó kàn ń jìnnà síra. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó nu tábìlì láàárọ̀, ó padà dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, kò rí ibi tó máa kọ orúkọ sí.

Ìgbà yẹn ni Mo-ti-mọ̀ bẹ̀rẹ̀ àṣà kan tí kò sí ẹni tó yé. Á máa la pákó lọ, ohun gbogbo á máa lọ dáadáa, àfi kó pa ayùn, kó pa Alájẹkì. Á dúró díẹ̀. Á tún tan wọ́n.

“Kí ló ń ṣe ẹ̀rọ yín, Ẹ̀gbọ́n?” ni Télọ̀ bi í.

“Ó ń sinmi.”

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyàwó rẹ̀ rò pé ó ti gé ìka ni. Ó sáré jáde. Ó bá a ní ìdúró, ó ti fa ìbòmú sí ọrùn, ó yí etí sí ọ̀nà ilé ìdáná, bí ẹni tó ń gbọ́ bóyá ọmọ jòjòló ti sùn. Bó ṣe rí i, ó tẹ̀ba, ó ń wá pẹ́ńsù nínú koríko. Pẹ́ńsù wà létí rẹ̀.

Ìyàwó padà wọlé. Nígbà tí ẹ̀rọ tún dákẹ́, kò jáde mọ́. Ó ké láti ojú fèrèsé: “Mo wà níbí o!”

Ayùn bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà, fún ọdún mẹ́sàn-án. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí. Bí inú bá ń bí obìnrin náà sí i, kò ní dáhùn. Á jókòó, á ká apá mọ́yà. Láìpẹ́ á gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àgbàlá. Ọkọ rẹ̀ á dúró síta ẹnu ọ̀nà, nítorí aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ṣé iyọ̀ wà?” á ní.

“Ẹ mọ ibi tó máa ń wà.”

“Ó dáa,” á ní, á sì padà.

Lẹ́búlẹ́bú kọ́ ló pa Mo-ti-mọ̀. Ayùn kọ́. Ọjọ́ orí ni, àti ọkàn tó ti rẹ̀. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e lọ, ẹni tó bá sì mọ káfíńtà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó rọra ń ṣàlàyé ohun tí dókítà wí fún un. Ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Mo ti mọ̀,” ó ní.

Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìsìnkú wọ́n rẹ́rìn-ín. Alápatà dìde, ó fi ara ṣe bó ṣe gbé kùmọ̀, Télọ̀ ṣe bó ṣe sá. Olùkọ́bìnrin náà sọ ti wíìgì fúnra rẹ̀, ó fi kún un. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn èèyàn wò ó, wọn kò mọ èyí tí omi náà jẹ́. Ọmọ rẹ̀ tún ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ìyá rẹ̀ ní, “Àyà mi ti dá. Kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?”

Àlejò lọ tán. Káfíńtà ọ̀dọ́ kan wá gbé Alájẹkì. Àgbàlá dákẹ́.

Ó tó ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ Télọ̀ ń dún ní ojúlé kejì. Ó dákẹ́.

“Mo wà níbí o!” ó ní.

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó dúró, omi ń kán lára abọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ojú tì í. Fèrèsé tirẹ̀ àti ti Télọ̀ kọjú síra wọn. Ó mọ̀ pé Télọ̀ gbọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ Télọ̀ kì í lọ títí mọ́. Ó ń dá dúró, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Bí wọ́n bá pàdé níta, Télọ̀ á ní, “Màmá, òwú ayé ìsinsìnyí ò dára mọ́ o. Ó ń já jù.” Òun náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, òwú ayé àtijọ́ ló yi.

Ó ti ránṣọ rí. Ó mọ̀ pé òwú kì í já tó bẹ́ẹ̀. Kò bi í. Bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, á gbé ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á kọjú sí fèrèsé, á dáhùn.